Ta Ló Ni Mọ́tò Yìí?

Kéèkì alájà mẹ́ta kì í ṣe ẹrù kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìpàtà kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn lọ́rì oníṣu bá ń já ẹrù, kí ó wá sọ fún wa bó ṣe rí. Ummu Salamah mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Iṣẹ́ kéèkì ló ń ṣe, ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Ràúdátù ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Àwọn tó ń so yìgì ní àdúgbò Fate ní Ìlọrin ò sì ní wá gbé kéèkì nílé bàbá rẹ̀ ní Ìpàtà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé àjà méjì sórí itan, ó gbé ìkẹta sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sanwó àyè náà bí ẹni pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ jalabíà funfun wà ní igun kejì. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń já iṣu, aláàárù kan ṣàdédé bọ́ sójú títì, oníkẹ̀kẹ́ tẹ bíréèkì, kéèkì orí àga fò dìde.

Ummu Salamah di ojú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá kún, ojú nìkan ló kù tó lè dì. Nígbà tó là á, kéèkì wà láyà ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ṣúgà pupa sì ti kùn ún láti ọrùn dé inú.

"Ẹ má mí o," ni ọkùnrin náà wí. "Tí ẹ bá mí, yóò já."

Kò já. Ọkùnrin náà gbé e bẹ́ẹ̀ dé Fate, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Toyyib ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ìwé kan ní Basin. Ummu Salamah ní kí ó jẹ́ kí òun bá a fọ jalabíà náà, ó kọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó wá sílé wọn, ó ní àbàwọ́n náà kò jáde. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún wá, ó ní ó ṣì ku díẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Alhaji Láwàl, bàbá Ummu, gba jalabíà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn títí, kò rí nǹkan kan.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," ó ní, "àbàwọ́n tí ò ń wí yìí, ṣé ara aṣọ ló wà àbí inú ọkàn?"

Toyyib bojú wolẹ̀. Inú ilé ni Ummu wà tó ti ń gbọ́, ó fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Kò sí ohun tí Ummu Salamah kò sọ fún Toyyib, títí kan èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: ó ń tọ́jú owó mọ́tò. Ọdún mẹ́rin ló ti ń tọ́jú rẹ̀. Kéèkì méje ló ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú kẹ̀kẹ́, èyí tó sì fọ́ kẹ́yìn, omijé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni wọ́n fi gbà á.

"Kì í ṣe mọ́tò fàájì," ó ní. "Mo kàn fẹ́ èyí tí kéèkì á lè jókòó sí ni."

"Rà á," ni Toyyib dá a lóhùn. Bí ẹni pé iṣu ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Àǹtí Kùdírátù, àbúrò bàbá Ummu, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì, nítorí ó mọ Alhaja Bàríkísù, ìyá Toyyib, tó ń ta iṣu lọ́rì-lọ́rì ní Ìpàtà. Ọjọ́ tó lọ gbọ́ èsì, kò tètè dé. Nígbà tó sì dé, omi ló kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tó bá gbé ìròyìn ayọ̀ wálé kì í rántí òùngbẹ.

"Wọn ò kọ̀ ọ́," Àǹtí Kùdírátù bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni ẹ́, o gbẹ̀kọ́, o mọ Kùránì. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni, Àǹtí?"

"Wọ́n gbọ́ nípa mọ́tò lẹ́nu Toyyib."

Ummu Salamah gbé ife omi kúrò níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní tí Toyyib bá ń wọ kẹ̀kẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń wa mọ́tò, kí ni wọn ó máa pè é láàárín ìlú? Ṣó o rí i, nígbà ayé bàbá Toyyib, Alhaja ló ra alùpùpù fún un. Títí Ọlọ́hun fi gbà á, 'ọkọ Bàríkísù' ni gbogbo Ìpàtà ń pè é. Alhaja ní wallahi, wọn ò ní pe ọmọ òun bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí o ní sùúrù ni. Kí Toyyib kọ́kọ́ ra tirẹ̀ ná."

Owó oṣù olùkọ́ ìṣirò! Tí Ummu Salamah bá ní kí òun dúró de ìyẹn, irun orí rẹ̀ yóò ti funfun kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò pàápàá kò dúró; bí èèyàn bá béèrè iye rẹ̀ lóṣù yìí, ó dájú pé yóò ti gbéra sókè lóṣù tó ń bọ̀. Ó ń bẹ̀rù pé owó ọdún mẹ́rin òun yóò di owó kẹ̀kẹ́. Ó sì tún ń bẹ̀rù pé bí òun bá rà á, Toyyib yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìbẹ̀rù méjèèjì ń bá a jí, wọ́n sì ń bá a po fúláwà.

"Rà á," Toyyib tún wí. "Fi ti Ìyá mi sílẹ̀ fún mi. Màá bá wọn sọ ọ́."

Ó fi sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Danjuma, mẹkáníìkì tó ti ń bá bàbá Ummu ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Ummu mú páálí kan dání, ó ti gé e ṣe ìwọ̀n àjà ìsàlẹ̀ kéèkì rẹ̀ tó tóbi jù lọ.

"Kí ni ti páálí?" Danjuma bi í.

"Òun ló fẹ́ ra mọ́tò. Èmi kàn ń bá a sanwó ni."

Wọ́n kọ́kọ́ wo pupa kan tó ń dán gbinrin. Páálí kò wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wo funfun kan, páálí wọlé wẹ́rẹ́, inú Ummu ti ń dùn kí Danjuma tó ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sì fi etí tì í.

"Mọ́tò yìí ń wúkọ́," Danjuma wí.

"Òtútù ni," ọ̀gá tó ń tà á dáhùn.

"Òtútù? Ní Ìlọrin, nínú oṣù kẹta?" Danjuma nu òógùn ojú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni mọ́tò Mátíríìsì aláwọ̀ eérú kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn jíìpù, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí olùkọ́ pe òun. Tuntun kọ́, ẹlòmíràn ti wà á kárí ìlú yìí, ṣùgbọ́n tuntun ni lójú ẹni tí kò ní rí. Nígbà tí wọ́n tẹ́ àga ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Páálí wọ ibẹ̀, ó jókòó bí ẹni tó délé. Danjuma wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Èyí dáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́. Táyà nìkan ni. Wò ó, gbogbo wọn ló ti pá lórí."

Ummu Salamah ná an títí ọ̀gá náà fi ní kí ó ṣàánú òun. Ibi tí owó rẹ̀ dé náà ló gbà á, kò ku ti táyà.

"Máa rọra wà á láàárín ìlú," Danjuma kìlọ̀ fún un. "Má gbé e sọ́nà jíjìn o. Kò sì gbọdọ̀ bá òjò pàdé."

Ummu ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ dúró sójú títì, ló bá ní kí Toyyib wà á. Nígbà tí wọ́n já Danjuma sílẹ̀, Toyyib ní, "Jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Ìyá mi. Òní ni màá sọ fún wọn." Ummu gbé páálí rẹ̀ mọ́ra. Ó gbà.

Alhaja Bàríkísù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àlàásárì tán ni. Ó yọjú, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń ti ẹnu ọ̀nà ìwakọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Sùbùhánállàhì! Toyyib! O ra mọ́tò!"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Ọlọ́hun, mo dúpẹ́ o! Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ wá bá mi yọ̀!"

Gúdà, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin, ta láti ilé dé ilé. Wọ́n yí mọ́tò ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Alhaja ní dandan ni kí wọ́n dúà sí i lójú ẹsẹ̀, kí ojú burúkú tó rí i. Ní Ìlọrin, àáfà kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà èèyàn. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti pín èso dàbínù ṣe sàráà, Àáfà Àbdùlkàdírì sì ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ta ló ni mọ́tò yìí, ká lè fi orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ pe Ọlọ́hun sí i?"

Ummu Salamah wo Toyyib. Toyyib wo ilẹ̀.

"Toyyib ni!" Alhaja lọgun. "Toyyib ọmọ Bàríkísù!"

Àáfà dúà fún Toyyib ọmọ Bàríkísù. Kí mọ́tò náà má gbé e ṣubú. Kí ó fi kó èrè wálé. Kí ó rà ju èyí lọ. Gbogbo èrò ń ṣe àmín. Ummu dúró láàárín wọn pẹ̀lú páálí rẹ̀ ní abíyá, ó ń wo ayọ̀ tó wà lójú obìnrin àgbàlagbà yẹn, kò sì mọ bí yóò ṣe ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Òun náà ṣe àmín.

Nígbà tí èrò túká, ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ummu, gbọ́ mi—"

"Kọ́kọ́rọ́, Bọ̀dá Toyyib."

Ó gbé e fún un. "Ṣé o rí ojú Ìyá mi? Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, n kò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi ò gbà á."

"Lọ́jọ́ tí kéèkì mi fẹ́ ṣubú, ẹ ò wo ojú ẹnikẹ́ni kí ẹ tó na ọwọ́," Ummu wí. "Lónìí, èmi ni mò ń ṣubú, ọwọ́ yín wà nínú àpò."

Òun fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò délé. Inú bí i débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù àwọn lọ́rì.

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí oníbàárà kan ní Fate fi wo bó ṣe ń já kéèkì sílẹ̀, tó ní, "Àfẹ́sọ́nà rẹ mà fẹ́ràn rẹ o, tó fi ń yá ọ ní mọ́tò rẹ̀!" Ummu rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń po fúláwà, a máa bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé bí yóò ṣe máa rí nìyí? Ṣé ohun tí òun bá ṣe, Toyyib ni wọn ó máa kí, Toyyib yóò sì máa wo ilẹ̀? Bí òun bá sì kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ta ni yóò tún gbá kéèkì òun mọ́ra nínú kẹ̀kẹ́, tí kò ní bìkítà fún jalabíà rẹ̀? Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Èyí tó sì dùn ún jù ni pé ẹnu òun náà wà nínú àmín yẹn.

Alhaji Láwàl gbọ́ ìròyìn náà ní mọ́sálásí. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o fi mọ́tò tọrẹ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò gbà á. Wọ́n pè é ní tirẹ̀ ni, kò sì sọ pé tirẹ̀ kọ́."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Mọ́tò wà nínú ọgbà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Orúkọ ló sọ nù. Ẹni tó sọ orúkọ nù ló máa ń wá a, ọmọ mi. Má bá a wá a."

Ummu kò sì bá a wá a. Toyyib pè é títí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbé e.

"Màá sọ ọ́," Toyyib ní. "Níwájú àwọn tó ṣe àmín gan-an ni màá ti sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

Èémí rẹ̀ nìkan ni Ummu gbọ́ lórí fóònù, ló bá pa ìpè náà.

Ọjọ́ yìgì kò dúró dè wọ́n, wọ́n ti dá a kí mọ́tò tó dé. Àǹtí Kùdírátù wá béèrè ohun tí Ummu fẹ́ gbà ní sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fi fẹ́ ìyàwó, nítorí obìnrin ló ni sàdáàkì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ́.

"Ẹ sọ fún un kí ó mú ohun tó bá mọ̀ pé ó tọ́ sí mi wá," Ummu dáhùn. "Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó má wulẹ̀ wá."

"Háà! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, Àǹtí mi."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin ni Danjuma yà sílé wọn, ó lóṣòó ti táyà mọ́tò, ó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́. Ummu bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ń wò ó bóyá àwọn táyà náà ṣì lè gbé e fúngbà díẹ̀ sí i ni. Ummu rò pé àánú òun ló ń ṣe é.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojúde Alhaji Láwàl, Àáfà Àbdùlkàdírì kan náà ló jókòó sí àárín. Ummu Salamah wà nínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, Alhaja Bàríkísù jókòó tì í, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tí Toyyib mú wá fún Ummu. Ó ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn: bí Toyyib bá tún dákẹ́ lónìí, nígbà tí wọ́n bá wá béèrè bóyá òun gbà, òun yóò ní òun kò gbà. Ìtìjú yẹn yóò tóbi tó Ìlọrin, ṣùgbọ́n ó ti pinnu.

"Kí ni sàdáàkì?" ohùn Àáfà jáde láti inú màìkì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Toyyib ló yẹ kó dáhùn. Ohùn tí Ummu gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́," ni Toyyib wí.

Ẹ̀rín bẹ́ níta. Àwọn obìnrin sáré lọ sójú fèrèsé. "Táyà!" ni ọ̀kan nínú wọn lọgun. "Táyà ni wọ́n ń yí bọ̀ o! Ọ̀kan, méjì... mẹ́rin ni!"

"Táyà tuntun mẹ́rin ni sàdáàkì mi," Toyyib wí. "Mọ́tò rẹ̀ ni mo rà wọ́n fún. Àáfà, mọ́tò tí ẹ dúà sí ní ojúde Ìyá mi, tèmi kọ́. Ummu Salamah ló fi òógùn ojú rẹ̀ rà á. Ẹ béèrè ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín, mo sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú yàrá, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaja Bàríkísù.

"Ìwọ lo ni ín?"

"Èmi ni, mà."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mo pe Toyyib. O sì ṣe àmín."

"Mo ṣe é, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Inú yín dùn, mà. N kò fẹ́ dójú tì yín."

Alhaja gbé tẹ̀sùbáà sórí itan. "Bàbá Toyyib," ni obìnrin náà wí níkẹyìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "tí wọ́n bá pè é ní ọkọ Bàríkísù, ẹ̀rín ló máa ń rín. Kò bínú rí. Èmi ni mò ń bá a bínú."

Àǹtí Kùdírátù yọ orí sí ẹnu ọ̀nà, òógùn bò ó. "Ummu, àwọn àáfà ní ohun tó níye lórí ni táyà náà, wọ́n ní ó tó. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà," ni Ummu Salamah wí, omijé sì ń bọ́.

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, tí Àáfà fẹ́ dìde, Alhaja Bàríkísù ti dé ojú fèrèsé. "Ẹ má tíì lọ o, Àáfà! Dúà ọjọ́sí ṣìnà. Ẹ bá wa tún un ṣe. Ẹni tó ni mọ́tò ni Ummu Salamah ọmọ..." Ó yíjú padà. "Kí ni orúkọ ìyá rẹ, ọmọ mi?"

"Ràúdátù."

"Ummu Salamah ọmọ Ràúdátù!" Ohùn tó fi ń ná iṣu ló fi pè é. Ọdún mẹ́fà rèé tí Ummu ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ ìyá rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dúà tán, òun nìkan ni kò lè ṣe àmín, ẹkún kò jẹ́. Alhaja ló bá a ṣe é, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Danjuma de táyà kí ìrun àlàásárì tó tó. Ummu Salamah jókòó sídìí ìwakọ̀, Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Toyyib sì wà lẹ́yìn nínú agbádá funfun, pẹ̀lú àjà òkè kéèkì ìyàwó lórí itan. Àyè wà tí wọn ì bá gbé kéèkì náà sí. Ó ní òun ni yóò gbé e.

"Rọra o," ó ń wí. "Táyà tuntun ni."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn lọ́rì oníṣu wà, aláàárù kan rí wọn, ó mọ Alhaja, ó mọ ọmọ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ìtàn táyà. Ó fi ọwọ́ kan orí, ó kígbe: "Ọkọ Ummu Salamah!"

Ummu wo ojú Toyyib nínú dígí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún kéèkì, kò lè jùwọ́, ló bá yọ orí síta láti ojú fèrèsé.

"Èmi nìyẹn o!" ó dáhùn.